TESLIM BALÓGUN, ẸNI TÍ WỌ́N Ń PÈ NÍ ÀRÁ



Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tó kọjá, ẹnì kan fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ̀rọ̀ sára bọ́ọ̀dù SS2 nípa Nọ́ńbà Náìnì wa. Mi ò ní tún un kọ síbí. Gbogbo wa la mọ̀ pé góólù méjì péré ló jẹ ní sáà yìí. A sì mọ̀ pé nígbà tí ẹgbẹ́ wa lọ gbá bọ́ọ̀lù ọlọ́rẹ̀ẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́ ní Ẹ̀pẹ́, pẹ́náritì tí à bá fi bá wọn ta ọ̀mì ló gbá fò kọjá lórí òpó. Àwọn tó wà nínú bọ́ọ̀sì sọ pé láti Ẹ̀pẹ́ títí dé Ìtòìkín, kò sẹ́ni tó lanu. Nígbà tí òun náà rí ohun tí wọ́n kọ sára bọ́ọ̀dù, ó lọ bá ọ̀gá tó ń mójú tó eré ìdárayá, ó dá bàtà padà, ó ní òun ò gbá mọ́.

Ẹgbẹ́ Akọ̀ròyìn ti ní kí n kọ ìtàn ẹnì kan tó lókìkí, tó ti kú tipẹ́, fún ìwé ìròyìn ara ògiri tọ̀sẹ̀ yìí. Olóṣèlú kan ni mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ ara bọ́ọ̀dù yẹn ló jẹ́ kí n yí i padà. Teslim Balógun ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ bi èèyàn mẹ́wàá nínú kíláàsì yín pé kí ni Teslim Balógun. Wọ́n á ní pápá ìṣeré ní Súrùlérè ni. Tẹ́ ẹ bá wá ní ẹni tó ni orúkọ náà gan-an ńkọ́, ẹlòmíì á ní gómìnà ni, ẹlòmíì á ní sọ́jà ni, nítorí ó rí Balógun nínú ẹ̀. Mo ti dán an wò. Agbábọ́ọ̀lù ni. Wọ́n ń pè é ní Thunder, ìyẹn Àrá, nítorí bí bọ́ọ̀lù ṣe máa ń kúrò lẹ́sẹ̀ ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ìtàn àwọn àgbà kúrò lọ́nà. Bàbá àgbà mi ní Ìgbógbo gbà pé bọ́ọ̀lù tí Teslim gbá pa gólì kan rí. Wọ́n ní wọ́n máa ń fi aṣọ pupa di ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kí ẹnikẹ́ni má bàa dúró níwájú ẹ̀, wọ́n ní rẹfirí sì ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ yẹn gbá bọ́ọ̀lù sílé. Nẹ́ẹ̀tì tó fà ya kò lóǹkà. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí gan-an, ṣùgbọ́n mi ò gbà á gbọ́. Kò sí ìlú tí mo dé tí wọn ò ní agbábọ́ọ̀lù kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń pààyàn. Èyí tó dùn mí níbẹ̀ ni pé ìtàn yẹn bo ìyókù mọ́lẹ̀. Tí ẹsẹ̀ èèyàn bá ti ń pa gólì, ta ló tún máa rántí béèrè nípa sáà tí nǹkan ò lọ déédéé fún un?

Port Harcourt ni Teslim ti kàwé nígbà tó wà ní kékeré. Ó dàgbà di ọkùnrin gíga, ó ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ, ara rẹ̀ sì le. Lásìkò yẹn, kò sẹ́ni tó ń fi bọ́ọ̀lù nìkan jẹun ní Nàìjíríà. Àwọn ibi iṣẹ́ ló ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Rélùwéè ní tiwọn, Marine ní tiwọn, UAC ní tiwọn. Wàá ṣiṣẹ́ láti àárọ̀, tó bá dìrọ̀lẹ́ wàá wá lọ sí pápá. Tó o bá mọ bọ́ọ̀lù gbá dáadáa, ilé-iṣẹ́ míì á fún ẹ níṣẹ́ kí wọ́n lè rí ẹ fi gba ife. Bí Teslim náà ṣe ń ti ibì kan bọ́ sí òmíràn nìyẹn: ó gbá fún UAC, ó gbá fún Rélùwéè, ó gbá fún SCOA, ó sì dé Jọ́ọ̀s lókè lọ́hùn-ún. Ní 1945 ni ìdíje ife gómìnà bẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n wá ń pè ní Challenge Cup nígbà tó yá. Níbẹ̀ ni orúkọ Àrá ti tàn ká.

Ní 1949, wọ́n ṣa agbábọ́ọ̀lù 18 jọ láti lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Ìlú Ọba. Teslim wà nínú wọn. Etim Henshaw ni kápútẹ́nì. Jack Finch, òyìnbó kan tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Fulham, ni kóòṣì. Nínú oṣù Kẹjọ ni wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi tó ń jẹ́ Apapa ní Èkó, tó sì kó wọn dé Liverpool. Ẹ rántí pé òyìnbó ló ń ṣèjọba lé wa lórí nígbà yẹn o, ó ṣì ku ọdún 11 ká tó gba òmìnira. Àwọn tó ń ṣèjọba lé wọn lórí ni wọ́n ń lọ bá gbá bọ́ọ̀lù nílé.

Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ò wọ bàtà. Ẹsẹ̀ lásán, tàbí ẹsẹ̀ tí wọ́n fi báńdéèjì wé, ni wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù aláwọ, irú èyí tó máa ń wúwo bí òkúta tí omi bá ti rin ín. Ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Marine, ní Crosby lẹ́gbẹ̀ẹ́ Liverpool, ni wọ́n kọ́kọ́ bá pàdé. 5–2 ni àwọn ọmọ wa fi nà wọ́n. Ó dùn mọ́ wọn nínú, abí? Àmọ́ nígbà tó yá, òjò dé, òtútù dé, koríko ń yọ̀, ẹsẹ̀ lásán ò sì rí ibi dì mú. Ẹni tó bá ti gbá bọ́ọ̀lù láìwọ bàtà lórí pápá wa nínú oṣù Kẹfà mọ ohun tí mò ń wí. Ìdíje mẹ́sàn-án ni wọ́n gbá lọ́hùn-ún, èyí tí wọ́n pàdánù sì ju èyí tí wọ́n borí lọ.

Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wálé, ọkọ̀ yà ní Freetown. Ní 8 oṣù Kẹwàá 1949, wọ́n na Sierra Leone ní 2–0 níbẹ̀. Ìdíje yẹn ni wọ́n kà sí àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà bá orílẹ̀-èdè míì gbá. Ojú ọ̀nà ni Super Eagles ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, nígbà tí àwọn èèyàn ń bọ̀ láti ibi tí wọ́n ti nà wọ́n.

Ibi tó kàn yìí gan-an ni mo torí ẹ̀ kọ nǹkan yìí.

Ní 1955, Teslim padà sí Ìlú Ọba, òun nìkan lọ́tẹ̀ yìí, láti lọ fi bọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́ jẹ. Ó kọ́kọ́ wà pẹ̀lú Peterborough United. Ẹgbẹ́ yẹn ò tíì sí nínú líìgì ńlá wọn nígbà náà. Ní 1956, Queens Park Rangers ní Lọ́ńdọ̀nù gbà á. Ìpele kẹta ni wọ́n wà, èyí tí wọ́n pín sí ìhà àríwá àti ìhà gúúsù, ìhà gúúsù sì ni QPR. Nígbà tó wọ pápá fún wọn, ó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gbá bọ́ọ̀lù nínú líìgì Ìlú Ọba. Ṣáájú Kanu nìyẹn, ṣáájú Okocha, ṣáájú gbogbo àwọn tá a lẹ fọ́tò wọn mọ́ ẹ̀yìn ìwé wa.

Sáà 1956 sí 1957 yẹn, ìdíje 13 ni ó gbá nínú líìgì. Góólù mẹ́ta ló jẹ.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹgbẹ́ 24 ló wà nínú ìpele yẹn, ìdíje 46 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì máa gbá kí sáà tó parí. Kò sí pípààrọ̀ agbábọ́ọ̀lù nígbà náà o. Ìgbà tó di 1965 ni wọ́n tó gbà á láyè nínú líìgì wọn. Ìyẹn ni pé tí orúkọ ẹ ò bá sí lára àwọn mọ́kànlá, kò sí pé o ń nara lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, kí kóòṣì ṣẹ́wọ́ sí ẹ tó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ò ń wòran ni. Ọkùnrin tí odidi Èkó ń pariwo orúkọ rẹ̀ jókòó nínú òtútù Lọ́ńdọ̀nù, ó ń wo àwọn ẹlòmíì lórí ẹrẹ̀. Nígbà tí sáà parí, wọn ò dá a dúró. Ó lọ sí Holbeach United, ẹgbẹ́ kékeré kan.

Ẹ wá jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ bá a ṣe ń ṣírò ti Nọ́ńbà Náìnì wa. Góólù mẹ́ta nínú ìdíje 13, góólù kan nínú ìdíje mẹ́rin ó lé díẹ̀ nìyẹn. Nọ́ńbà Náìnì wa gbá ìdíje mẹ́fà, ó jẹ méjì, góólù kan nínú mẹ́ta-mẹ́ta. Olùkọ́ kan tó ka iṣẹ́ yìí kó tó gorí ògiri ní kí n má fi líìgì Ìlú Ọba wé bọ́ọ̀lù Ìkòròdú. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mi ò sọ pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ohun tí mò ń sọ ni pé ká ní SS2 ni Teslim wà lọ́dún yẹn, ẹni tó mú ṣọ́ọ̀kì ì bá kọ tiẹ̀ náà sára bọ́ọ̀dù.

Kí ló wá ṣe lẹ́yìn náà? Ó kọ́ iṣẹ́ kóòṣì. Bó ṣe rí lára mi, ibẹ̀ ni ìtàn rẹ̀ ti wúwo jù, ibẹ̀ náà sì làwọn bàbá wa kì í dé tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀. Ẹ wò ó, ẹni tó ti gbọ́ kí èrò máa pe òun ní Àrá, tó tún wá padà di akẹ́kọ̀ọ́, tó jókòó kí wọ́n máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń to èèyàn sórí pápá, bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọdé láti dá bọ́ọ̀lù dúró. Àwọn tó kọ ìtàn rẹ̀ kà á sí ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ náà. Òyìnbó ló pọ̀ jù lára àwọn tó ń kọ́ ẹgbẹ́ Nàìjíríà lásìkò yẹn. Ó padà wálé, ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìhà Ìwọ̀-Oòrùn.

Ní 1968, ogun abẹ́lé ṣì ń jà nígbà tí Nàìjíríà kó ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù lọ sí Òlíńpíìkì ní Mẹ́síkò. Teslim wà lára àwọn kóòṣì tó bá wọn lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí bọ́ọ̀lù Nàìjíríà máa dé Òlíńpíìkì. Jàpáànù na wọ́n ní 3–1. Ẹ má fojú kéré Jàpáànù ìgbà yẹn o, àwọn ló gba àmì-ẹ̀yẹ bàbà níbi ìdíje náà. Sípéènì na wọ́n ní 3–0. Ló wá ku Brazil. Gbogbo èèyàn ti mọ̀ pé ilé ló kàn. Wọ́n bá Brazil ta ọ̀mì, 3–3. Wọ́n ṣì padà sílé, ṣùgbọ́n góólù mẹ́ta lọ́rùn Brazil kì í ṣe nǹkan tí èèyàn ń rí lójoojúmọ́.

Teslim Balógun kú ní 30 oṣù Keje 1972. Kò tíì pé àádọ́ta ọdún.

Ní 1984, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ pápá ìṣeré kan ní Súrùlérè, ní òdìkejì pápá ìṣeré ìjọba àpapọ̀. Iṣẹ́ dúró, ó bẹ̀rẹ̀, ó tún dúró. Àwọn tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ ẹ̀ lélẹ̀ ti jáde yunifásítì kí wọ́n tó ṣí i ní 2007. Ó gba èèyàn tó lé ní 24,000, orúkọ Teslim ni wọ́n sì fi pè é. Tẹ́ ẹ bá wọ BRT láti Ìkòròdú tó ń lọ sí TBS, ẹ jókòó sẹ́bàá fèrèsé. Kẹ́ ẹ tó dé Èkó, ẹ máa rí i.

Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ sára bọ́ọ̀dù ti pa á rẹ́ fúnra rẹ̀. Mi ò bi í léèrè ìdí. Ìdánrawò ẹgbẹ́ wa máa bẹ̀rẹ̀ padà ní Wẹ́sìdeè, lẹ́yìn kíláàsì. Bàtà tí Nọ́ńbà Náìnì dá padà ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀gá eré ìdárayá. Wọn ò tíì fún ẹlòmíì.