Wilbur Wright, Ẹni tí ó Kọ́ Bàálù ní Ìgbọràn

Bí o bá ń gbé ní agbègbè Lekki tàbí Ajah, o mọ bí atẹ́gùn ṣe máa ń fẹ́ láti orí òkun, tí yóò sì máa gbá yanrìn kiri. Bí ẹnì kan bá fẹ́ fi bàálù ìṣeré alápá ìpele méjì fò níbẹ̀, orí ilẹ̀ ni yóò dúró sí, tí yóò máa fi rìmóòtù darí rẹ̀. Ǹjẹ́ o mọ̀ pé okùn ni Wilbur Wright fi darí irú bàálù kékeré bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1899? Jẹ́ kí a ka ìtàn rẹ̀.

Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹrin ọdún 1867 ni a bí Wilbur ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Bíṣọ́ọ̀bù ni bàbá rẹ̀. Ní ọdún 1878, bàbá yìí mú ohun ìṣeré kan wálé fún òun àti Orville àbúrò rẹ̀. Bébà àti oparun ni a fi ṣe é. Bí wọ́n bá ti lọ́ rọ́bà rẹ̀, yóò fò sókè. Àwọn ọmọ náà ṣe irú rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí ó bá tóbi jù kì í fò.

Nígbà tí Wilbur di ọmọ ọdún 18, igi gbá a lẹ́nu níbi eré orí yìnyín, eyín iwájú rẹ̀ sì ká. Kò lè lọ sí yunifásítì mọ́. Ilé ni ó wà tí ó ń tọ́jú ìyá rẹ̀ tí ikọ́ ife ń bá jà, títí ìyá náà fi kú ní ọdún 1889. Ní gbogbo àkókò yìí, ó ń ka ìwé bàbá rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, òun àti Orville ṣí ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ ní ìlú Dayton. Ní ọdún 1896, Otto Lilienthal, ará Jámánì kan tí ó ń fi apá aláṣọ fò, já bọ́, ó sì kú. Wilbur rí i pé fífò nìkan kò tó. Ènìyàn gbọ́dọ̀ lè darí ohun tí ó ń fò. Ó ṣe bàálù kékeré bíi káìtì, ó so okùn mẹ́rin mọ́ ọn. Bí ó bá fa okùn, apá rẹ̀ yóò lọ́, bàálù yóò sì yí síbi tí ó fẹ́.

Láti ọdún 1900, wọ́n ń gbé èyí tí ó lè gbé ènìyàn lọ sí Kitty Hawk, etí òkun tí ó kún fún yanrìn àti atẹ́gùn. Ní ọdún 1901, bàálù wọn kò ṣe dáadáa, Wilbur sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ìrètí nù. Ṣùgbọ́n wọ́n padà sílé, wọ́n kan àpótí tí atẹ́gùn ń gba inú rẹ̀ kọjá, wọ́n sì dán nǹkan bí 200 apá kéékèèké wò nínú rẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe mọ̀ pé ìṣirò tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé tẹ́lẹ̀ kò pé.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kejìlá ọdún 1903, Wilbur gbìyànjú láti fi bàálù ẹlẹ́ńjìnnì fò, ṣùgbọ́n ó já bọ́. Wọ́n tún un ṣe. Ní ọjọ́ 17, Orville fò fún ìṣẹ́jú àáyá 12. Lọ́jọ́ náà kan náà, Wilbur fò fún ìṣẹ́jú àáyá 59, ó sì lọ tó 852 ẹsẹ̀ bàtà.

Ibà jẹ̀funjẹ̀fun ni ó pa Wilbur ní ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún ọdún 1912. Ọmọ ọdún 45 ni.

Ìwọ ọmọ, bí ohun tí o ṣe kò bá fò, má ṣe jù ú nù. Wá ìdí rẹ̀, kí o sì tún un ṣe.