Dókítà Dutton: Ẹni tí Ó Wá Ìdí Ibà Eégbọn, tí Ibà Náà sì Pa Á

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń gbé ní Onitsha, ní etí Odò Ọya, ẹ mọ̀ pé bí ara bá ti gbóná, tí orí sì ń fọ́ni, ibà tí ẹ̀fọn ń fà ni a kọ́kọ́ máa ń fura sí. Lóòótọ́, òun ni ó wọ́pọ̀ láàárín wa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ibà ni ó ti ọwọ́ ẹ̀fọn wá. Ọkùnrin kan rìnrìn-àjò wá sí ilẹ̀ wa nítorí ibà ẹ̀fọn, ṣùgbọ́n ibà eégbọn ni ó gba ẹ̀mí rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Joseph Everett Dutton ni orúkọ rẹ̀.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà, ọdún 1874, ni a bí i ní agbègbè Cheshire, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Liverpool, ó sì dara pọ̀ mọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tí ń wádìí àrùn ilẹ̀ olóoru ní ìlú náà. Ní ọdún 1900, ilé-ẹ̀kọ́ yìí rán òun, Dókítà Annett àti Dókítà Elliott wá sí ilẹ̀ tí à ń pè ní Nàìjíríà lónìí. Ní ọdún 1901, ó dá lọ sí Gáḿbíà. Dókítà Forde tí ó wà níbẹ̀ ti rí ohun kan tí ń jà pìtìpìtì nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kan, kò sì mọ ohun tí í ṣe. Dutton ni ó dá kòkòrò náà mọ̀, tí ó sì sọ ọ́ ní orúkọ ilẹ̀ Gáḿbíà. Kò pẹ́ tí gbogbo ayé fi mọ̀ pé òun ni ó ń fa àìsàn oorun.

Ní ọdún 1903, òun àti Dókítà Todd, ọmọ ilẹ̀ Kánádà, kọrí sí Kóńgò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bá ibà kan pàdé tí ìṣe rẹ̀ ya ènìyàn lẹ́nu. Ara aláìsàn yóò gbóná lójijì, orí àti eegun yóò máa ro ó, yóò sì máa bì. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ara yóò tutù, aláìsàn yóò rò pé òun ti bọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá tó bí ọ̀sẹ̀ kan, ibà náà yóò tún padà, nígbà mìíràn ní ìgbà mélòó kan. Ó lè ba ojú jẹ́, ó sì lè mú kí ẹ̀gbẹ́ ojú kan rọ.

Livingstone, arìnrìn-àjò nì, ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1857 pé ìjẹ eégbọn a máa dá irú àìsàn báyìí sílẹ̀. Eégbọn yìí kì í gbé ara ajá tàbí màlúù. Inú ihò ògiri àti ilẹ̀ ahéré ni ó ń sá sí. Bí ènìyàn bá sùn lóru, yóò jáde wá mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, yóò sì padà sí ihò kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ní ọdún 1904, ní ìlú tí à ń pè ní Kisangani nísinsìnyí, Dutton àti Todd jẹ́ kí eégbọn náà jẹ àwọn ọ̀bọ. Ibà mú àwọn ọ̀bọ náà, kòkòrò ibà sì hàn nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ní ọdún yẹn kan náà, àwọn dókítà ní Ùgáńdà rí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀.

Ó ṣeni láàánú pé ibà tí wọ́n ń wádìí mú àwọn méjèèjì. Ara Todd yá. Dutton kú ní Kasongo, ní ọjọ́ 27 oṣù Fẹ́búárì, ọdún 1905, ní ẹni ọgbọ̀n ọdún péré. Àwọn onímọ̀ fi orúkọ rẹ̀ sọ kòkòrò tí ó pa á: Borrelia duttonii.

Ẹ̀kọ́ wo ni èyí kọ́ wa? Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Eégbọn ara màlúù ilẹ̀ wa pàápàá lè kó ibà ti tirẹ̀ bá ènìyàn. Nítorí náà, bí ibà bá lọ tí ó tún padà, ẹ má ṣe tún máa ra oògùn ibà ẹ̀fọn lò láìyẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ sọ ibi tí ẹ sùn àti ẹran tí ẹ fọwọ́ kàn. Oògùn tí ń pa kòkòrò náà wà lónìí. Kò sí i ní ayé Dutton.