Prosper Guéranger, ẹni tó tún ilé àdúrà Solesmes ṣí

Ẹ̀yin ọmọ wa, àti ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ìtàn àlùfáà Faransé kan la fẹ́ sọ fún yín. Ọdún 1805 ni wọ́n bí Prosper Guéranger ní Sablé. Kò jìnnà síbẹ̀ ni Solesmes wà, létí odò Sarthe. Láti ọdún 1010 ni ilé àdúrà ti wà níbẹ̀. Àwọn mọ́ǹkì tó ń tẹ̀lé ìlànà Benedict mímọ́ ló ń gbé inú rẹ̀; wọ́n jọ ń jẹun, wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì ń kọrin àdúrà tọ̀sán-tòru. Nígbà tí rògbòdìyàn ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Faransé, ìjọba tuntun lé wọn dà nù, wọ́n sì ta ilé náà. Òfìfo ilé ni Prosper bá nígbà ọmọdé rẹ̀, òun àti àwọn ère òkúta tí wọ́n ti gbẹ́ síbẹ̀ láti ọdún 1496.

Ní 1831, wọ́n ní àwọn máa wó o. Guéranger ti di àlùfáà nígbà náà, àmọ́ kò lówó. Ó tọrọ owó kiri títí ilé náà fi bọ́ sí i lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 1833, òun àti àwọn díẹ̀ kó wọlé.

Ẹ wá gbọ́ o! Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó ti ṣe mọ́ǹkì rí. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ti tú àwọn àgbà tó mọ̀nà ká. Ilé wà, ta ni yóò kọ́ wọn? Inú ìwé àtijọ́ ni wọ́n ti ń wá ìlànà náà, wọ́n ń fi ṣèwà hù díẹ̀díẹ̀. Guéranger fúnra rẹ̀ kò jẹ́ ẹ̀jẹ́ àfi ní 1837, nígbà tó lọ sí Róòmù. Póòpù Gregory Kẹrìndínlógún fọwọ́ sí iṣẹ́ wọn, ó sì fi í jẹ olórí ilé. Ìgbà tó padà dé ló tó gba ẹ̀jẹ́ àwọn yòókù.

Gbèsè kò jẹ́ kó sinmi. Ilé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Paris tilẹ̀ tú ká. Síbẹ̀, ó ní kí àwọn mọ́ǹkì rẹ̀ lọ yẹ àwọn ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́ wò, kí wọ́n fi wọ́n wéra, kí wọ́n lè mọ bí wọ́n ṣe ń kọ orin Gregory kí àṣìṣe tó wọ̀ ọ́. Iṣẹ́ ọdún gbọọrọ ni. Guéranger kú ní ọdún 1875, kò rí òpin rẹ̀.

Ní 1901, òfin tún lé àwọn mọ́ǹkì náà kúrò nílùú. Erékùṣù Wight ní Ìlú Ọba ni wọ́n sá lọ. Wọ́n gbé iṣẹ́ orin náà dání. Nígbà tí ìwé orin tuntun jáde ní Róòmù ní 1908, iṣẹ́ Solesmes wà nínú rẹ̀. Ní 1922 ni wọ́n padà sílé.