Bernardo Houssay: Ọ̀jọ̀gbọ́n Tí Wọ́n Lé Tí Kò Lọ

Ẹni tá a mú wá lọ́sẹ̀ yìí ni Bernardo Houssay, ọmọ Ajẹntínà. Ọdún 1887 ni wọ́n bí i sí Buenos Aires. Ọmọ ọdún 14 ni nígbà tó wọ yunifásítì lọ kọ́ nípa oògùn. Ọjọ́ orí àwọn àbúrò wa ní JSS 3 nìyẹn o!

Ó tún kọ́ iṣẹ́ dókítà, ló bá gbájú mọ́ pituitary, ẹṣẹ́ kékeré kan tó wà nísàlẹ̀ ọpọlọ. Kò ju hóró ẹ̀wà lọ, àmọ́ ara họ́mòònù tó ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ ló ń mú ká dàgbà.

Àwọn dókítà ti mọ̀ pé tí wọ́n bá yọ pancreas ajá, ṣúgà á kún inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, àtọ̀gbẹ á mú un. Houssay wá yọ pituitary mọ́ ọn, àtọ̀gbẹ náà sì rọlẹ̀. Àṣé ńṣe ni pituitary àti ínsúlìn jọ ń fa okùn: ínsúlìn ń fa ṣúgà wálẹ̀, pituitary ń fà á sókè.

Lọ́dún 1943, òun àti àwọn èèyàn ńláńlá kan fọwọ́ sí ìwé tó ń béèrè ìjọba tiwa-n-tiwa. Àwọn ṣọ́jà tó wà lórí àlééfà lé e kúrò ní yunifásítì. Wọ́n pè é sókè òkun, kò lọ. Lọ́dún 1944, òun àtàwọn ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀ ṣí ibùdó ìwádìí tiwọn, owó aládàáni ni wọ́n fi ṣe é. Nígbà tó di 1947, ó gba ẹ̀bùn Nobel pẹ̀lú tọkọtaya Cori.

Ó kú lọ́dún 1971, àmọ́ iṣẹ́ ẹ̀ ò kú. Lónìí, àwọn onímọ̀ ń tọ́jú sẹ́ẹ̀lì pituitary nínú abọ́ láàbù, wọ́n á fi họ́mòònù sí i, wọ́n á máa wo bó ṣe ń dàgbà.

Luis Leloir, ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀, fi ìlú sílẹ̀ nígbà tí wọ́n lé ọ̀gá ẹ̀. Nígbà tó padà dé, ibùdó Houssay ló wá. Òun náà gba Nobel lọ́dún 1970. Ká ní Houssay ti bínú lọ, ibo ni Leloir ì bá padà sí?