Edward Forbes: Ọkùnrin tó fi ìkarahun mọ bí òkun àtijọ́ ṣe jìn tó

Báwo lèèyàn ṣe máa mọ bí òkun kan ṣe jìn tó, nígbà tí òkun ọ̀hún ti gbẹ láti ayébáyé, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti di àpáta? Edward Forbes wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wá ọ̀nà sí i. Ṣùgbọ́n àṣìṣe kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń rántí rẹ̀.

Ọjọ́ 12, oṣù Kejì, ọdún 1815 ni wọ́n bí i nílùú Douglas, ní erékùṣù Isle of Man. Ó kọ́kọ́ lọ kọ́ iṣẹ́ àwòrán ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀nà ò là. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Edinburgh, ó tún fi í sílẹ̀. Ẹ̀dá inú omi ló gbà á lọ́kàn.

Lọ́dún 1841, ó bá ọkọ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Beacon lọ sí Òkun Aegean, láàárín Gíríìsì àti Tọ́kì. Wọ́n á ju àwọ̀n onírin sómi, wọ́n á wọ́ ọ nílẹ̀ òkun, wọ́n á fà á gòkè. Forbes á kọ ohun tí àwọ̀n kó sílẹ̀, á sì kọ bí ibẹ̀ ṣe jìn tó. Ibà líle dá a dùbúlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ yìí, síbẹ̀ kò jáwọ́.

Ó wá rí i pé kálukú ló níbi tó ń gbé. Ó pín òkun náà sí ìpele mẹ́jọ láti etí omi dé ìsàlẹ̀, ìpele kọ̀ọ̀kan ló sì ní ẹ̀dá tirẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ẹrẹ̀ kúnná ló bá, tó kún fún ìkarahun tíntìntín àwọn ẹ̀dá tí wọ́n ń pè ní foraminifera.

Ohun tó fà yọ níbẹ̀ ni pé tí wọ́n bá rí irú ìkarahun inú ibú nínú àpáta, á jẹ́ pé òkun tó wà níbẹ̀ nígbà kan jìn. Tó bá sì jẹ́ ti etí omi ni, òkun ọ̀hún ò jìn.

Àmọ́ Forbes ṣàkíyèsí pé bí àwọ̀n ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ni ẹ̀dá ń dín kù. Àwọ̀n rẹ̀ ò kọjá nǹkan bí 420 mítà, síbẹ̀ ó sọ pé tó bá ti tó 550 mítà, kò ní sí ohun ẹlẹ́mìí kankan mọ́. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà á gbọ́. Wọn ò rò ó pé ẹ̀dá ò pọ̀ nísàlẹ̀ Aegean bíi ti òkun ńlá.

Nígbà tí owó bàbá rẹ̀ wọmi, iṣẹ́ méjì ló ń ṣe pọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù kó tó rí jẹun. Ọdún 1854 ni ipò ọ̀jọ̀gbọ́n ní Edinburgh, tó ti ń fojú sọ́nà fún, tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Lọ́jọ́ 18, oṣù Kọkànlá ọdún yẹn náà, ó kú lẹ́ni ọdún 39.

Lọ́dún 1869, Wyville Thomson ju àwọ̀n sí ibú tó lé ní 4,000 mítà, ẹ̀dá alààyè ló sì bá a gòkè. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló jókòó sórí àga tí Forbes fi sílẹ̀ ní Edinburgh.

Ọ̀rọ̀ tí Forbes sọ nípa ibi tí àwọ̀n rẹ̀ ò dé ló wó. Èyí tó fojú ara rẹ̀ rí ṣì dúró. Dòní olónìí, àwọn tó ń wa epo, títí kan ti Niger Delta, ṣì ń fi foraminifera inú ìpele ilẹ̀ mọ bí òkun àtijọ́ ṣe jìn tó.