Sheikh Ibn Abidin àti Ẹrù Ojú Òkun

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, a máa ń bi wá ní Òkè Fìà bóyá iṣẹ́ adójútòfò tọ́ sí Mùsùlùmí. Ibn Abidin wà lára àwọn àáfà tó kọ́kọ́ fèsì.

Ní 1198 Híjírà ni wọ́n bí i ní Dàmásíkù. Ọmọ oníṣòwò ni. Ó ń ké Al-Kùránì ní ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ nígbà tí ọkùnrin kan bá a wí pé kíké rẹ̀ kò gún. Kò bínú, olùkọ́ ló wá lọ. Ó di ọ̀gá nínú òfin Hanafi.

Nígbà náà àwọn oníṣòwò ń háyà ọkọ̀ òyìnbó. Lẹ́yìn owó ọkọ̀, wọ́n tún ń san iye kan fún ẹnìkan lókè òkun, pé bí ẹrù bá rì, tó jóná, tàbí tí olè kó o, òun ni yóò san án. Aṣojú rẹ̀ ń gbowó ní èbúté àwọn Mùsùlùmí. Nínú Radd al-Muhtar, Sheikh ní kò tọ́ kí oníṣòwò gba owó ẹrù tó ṣòfò: ẹni tí ẹrù kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ kò jẹ gbèsè rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí alájọṣe rẹ̀ tí kì í ṣe Mùsùlùmí bá ṣe àdéhùn náà lókè òkun, tó sì gbowó lọ́hùn-ún, ó gbà á láàyè. (Ọ̀pọ̀ kì í kà dé ibí yìí!)

Ó kú ní 1836; ọmọ rẹ̀ ló parí ìwé náà. Kí Ọlọ́hun kẹ́ wọn.