Pablo Casals, ọ̀gá onísẹ́lò tó fi ìdákẹ́ jà fún ìlú rẹ̀

Ìtàn ọkùnrin olórin kan la mú wá fún yín lónìí. Ó ti kú láti ọdún 1973, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò parẹ́. Pablo Casals ni. Pau ni àwọn ará ìlú rẹ̀ ń pè é.

Sẹ́lò ni irinṣẹ́ rẹ̀. Ohun èlò orin onígi ńlá ni, ó ní okùn mẹ́rin. Ẹni tó ń ta á máa ń jókòó, yóò gbé e sáàárín ẹsẹ̀ méjèèjì, yóò sì máa fi ọ̀pá onírun wọ́ okùn rẹ̀ bí àwọn onígòjé ti ń ṣe.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún 1876 ni wọ́n bí i ní El Vendrell, ìlú kékeré kan ní Kàtàlóníà, lórílẹ̀-èdè Sípéènì. Bàbá rẹ̀ ló ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì ìlú náà. Nígbà tí ọmọ náà wà ní kékeré, bàbá fi akèrègbè ṣe ohun èlò olókùn kan fún un. Síbẹ̀, bàbá yìí kò gbà pé orin lè bọ́ ọmọ. Ó fẹ́ kó lọ kọ́ṣẹ́ káfíńtà. Ìyá rẹ̀, Pilar Defilló, ló kọ̀ jálẹ̀, tó mú un lọ sí Barcelona lọ́dún 1888 láti lọ kọ́ orin. Ní alẹ́, ọmọ náà ń ta sẹ́lò ní ilé kọfí kó lè rówó.

Nígbà náà, àwọn olùkọ́ máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ìwé há abíyá kí apá rẹ̀ má baà ṣí. Casals tú apá sílẹ̀, ohùn sẹ́lò sì yí padà. Lọ́dún 1890, òun àti bàbá rẹ̀ rí ìwé orin mẹ́fà tí Bach kọ fún sẹ́lò nìkan nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní Barcelona. Ọ̀pọ̀ olórin kà wọ́n sí ohun tí èèyàn fi ń dára yá lásán. Casals kọ́ wọn fún bí ọdún méjìlá kó tó ta ọ̀kan tán lójú èrò.

Lọ́dún 1899, ó ta sẹ́lò fún Ọbabìnrin Victoria ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún 1904, ó ta á fún Ààrẹ Roosevelt ní Amẹ́ríkà. Kì í ṣe pé ó ń dá nìkan ta á o. Òun, Alfred Cortot tó ń tẹ píánò, àti Jacques Thibaud tó ń ta fáólìn, àwọn méjèèjì ọmọ Faransé, jọ ṣiṣẹ́ pọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nínú irú orin bẹ́ẹ̀, kò sí adarí. Kálukú ní láti tẹ́tí sí ẹnì kejì.

Ogun abẹ́lé bẹ́ ní Sípéènì lọ́dún 1936. Nígbà tí ọ̀gágun Franco borí lọ́dún 1939, Casals di ìsáǹsá ní Prades, ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Faransé. Ibẹ̀ ló ti ń ran àwọn ará ìlú rẹ̀ tó wà nínú àgọ́ lọ́wọ́. Ó kọ̀ láti lọ ta sẹ́lò fún àwọn Násì. Cortot ní tirẹ̀ bá ìjọba Vichy ṣiṣẹ́, ìyẹn sì dun ọ̀rẹ́ rẹ̀ gan-an.

Nígbà tí ogun àgbáyé parí lọ́dún 1945, Casals rò pé àwọn tó borí yóò lé Franco lọ. Wọn kò lé e. Ló bá pinnu pé òun kò ní ta sẹ́lò lójú èrò mọ́. Ẹ wo ohun tó sọ nù: owó, òkìkí, àti ọdún tí kì í padà fún ẹni tó ti ń dàgbà. Lọ́dún 1950 làwọn olórin ńláńlá bá a lọ sí Prades, nígbà tó pé igba ọdún tí Bach ti kú. Ibẹ̀ ló ti tún ta sẹ́lò. Ibẹ̀ náà lòun àti Cortot ti tún jọ ṣeré lọ́dún 1958, lẹ́yìn tí ìjà ti parí.

Pọ́tó Ríkò, níbi tí wọ́n bí ìyá rẹ̀ sí, ló fi ṣe ilé nígbẹ̀yìn. Lọ́dún 1961, ó gbà láti ṣeré fún Ààrẹ Kennedy, nítorí ó bu ọlá fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Amẹ́ríkà kò kọ Franco sílẹ̀. Lọ́dún 1971, ó ta orin ìbílẹ̀ Kàtàlóníà níwájú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ẹni ọdún 94 ni nígbà náà.

Ó kú ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá ọdún 1973, lẹ́ni ọdún 96. Franco ṣì wà lórí oyè. Ọdún 1979 ni wọ́n tó gbé òkú rẹ̀ padà wá sí El Vendrell.

Àwa rò pé ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kò ṣòro rí. Ẹni tó ń fi ọwọ́ rẹ̀ jẹun ló mọ bó ti le tó láti ká ọwọ́ náà kò nítorí òtítọ́. Casals ká a kò, ó sì ṣe é títí ayé fi mọ ìdí rẹ̀.